Kí ló dé tí wọ́n fi ń po tramadol àti kodíìnì mọ́ oògùn mìíràn? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Nọ́ọ̀sì ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wọlé tọ̀ mí wá, kò tíì jókòó tó fi gbé ọ̀rá dúdú kan lé orí tábìlì mi. Àpò ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ ló ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀: káàdì tramadol kan tí wọ́n ti yọ mẹ́fà lára rẹ̀, ìgò oògùn ikọ́ tó ti dé ìdajì, hóró oògùn oorun méjì tí wọ́n fi bébà wé, àti agolo énájì dírìǹkì kan. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, pé ó ń lo oògùn, mo ti mọ̀ tipẹ́. Èyí tí kò yé mi ni pé, kí ló ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe pọ̀?"

Láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu ìyàwó ilé, lẹ́nu ọ̀gá mẹkáníìkì, lẹ́nu pásítọ̀ àti lẹ́nu àáfà. Mo kó èsì mi jọ síbí fún ẹni tí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́.

Oògùn wo gan-an là ń pè ní opioid?

Oògùn ara ríro tó lágbára ni wọ́n. Tramadol wà nínú wọn. Kodíìnì tó máa ń wà nínú àwọn oògùn ikọ́ kan wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni morphine, pentazocine tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ fún àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà, heroin, àti fentanyl tó ti gbẹ̀mí ènìyàn rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ jókòó sí nínú ọpọlọ. Tí wọ́n bá ti jókòó síbẹ̀, ìrora a rọlẹ̀, ọkàn a balẹ̀, mímí náà a sì falẹ̀. Ẹ fi ti mímí yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Tramadol tún ní iṣẹ́ kejì tí púpọ̀ nínú wọn kò ní. Ó máa ń mú kí kẹ́míkà inú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní serotonin àti noradrenaline pọ̀ sí i. Ohun tó fà á nìyẹn tí ojú fi máa ń là fún àwọn kan tí wọ́n bá lò ó. Tẹ́ni kan bá sì lò ó jù, gìrì lè gbé e.

Ṣé àwọn tó ń lò wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni?

Wọ́n pọ̀. Ìwádìí ọdún 2018 tí iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, àti UNODC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, jọ ṣe fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Mílíọ̀nù 4.6 ló lo opioid lọ́nà tí kò jẹ mọ́ ìtọ́jú. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé ìṣòro àwọn ará Òkè Ọya ni oògùn olóró. Nínú ìwádìí yẹn, gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ tiwa níbí, ló ga jù lọ: 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ó dáa, kí ló ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe pọ̀?

Kọ̀ńdọ́ọ̀ ni ọmọ ìyá yẹn. Nígbà tó yá tó gbà láti bá mi sọ̀rọ̀, mi ò bi í pé kí ló dé tó ń ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Mo ní kó ka ọjọ́ rẹ̀ fún mi láti ìdájí.

Aago mẹ́rin ló ń jí. Tramadol ló fi ń bẹ̀rẹ̀: ó ní tí òun bá ti gbé e mì, ẹ̀yìn tó ń dun òun láti àná a dákẹ́, ojú òun a le, òun á lè rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́tò kí òun máa ké "Ìwó Road, Ìwó Road" títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tó bá di ọ̀sán, oògùn yẹn a fẹ́ máa tì í sùn, a wá mu énájì dírìǹkì lé e. Lálẹ́, gbogbo ara a rẹ̀ ẹ́ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a là kalẹ̀ bíi ti òwìwí. Ìgbà yẹn ló ń lo oògùn oorun. Oògùn ikọ́ ní tiẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jọ mu ún ní gáréèjì, wọ́n á bù ú sínú mínírà, ife kan náà á máa yí ká.

Ẹ ò rí i pé ìkọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tó ń bá a ṣe. Ọ̀kan ń gbé e dìde, èkejì ń lé oorun tí àkọ́kọ́ mú wá, ẹ̀kẹta ń wá oorun tí èkejì lé lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àṣé gbèsè ló fi ń san gbèsè."

Ṣé gbogbo wọn ni ìdí wọn rí báyẹn?

Rárá o. Ìdí pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì lè ní mẹ́ta.

Èyí tí mo ń rí jù ni pé ara ti mọ́ ọn. Hóró kan tó ń mú un dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́ kò ní ṣe nǹkan kan fún un mọ́ lọ́dún kejì. Àwọn kan á wá hóró tó lágbára sí i. NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Nàìjíríà, kò fọwọ́ sí tramadol tó bá ju 100 mg lọ, ṣùgbọ́n 200 àti 225 wà káàkiri ìgboro. Àwọn mìíràn á rí i pé tí àwọn bá fi ọtí tàbí oògùn oorun tì í, díẹ̀ tí àwọn ní lọ́wọ́ á ṣiṣẹ́ bíi púpọ̀. Owó ló ń kọ́ wọn ní ìyẹn.

Òmíràn ni ìyà tó ń jẹni tí oògùn bá tán lára. Ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé àṣejù ni. Imú á máa dà, inú á máa ṣu, eegun á máa ro ènìyàn bí ẹni pé wọ́n fi odó gún un, ara á yọ kókó bíi ti adìyẹ tí wọ́n tu níhùúhù, oorun ò ní sí. Lọ́jọ́ tí kò bá sí owó tramadol, ohunkóhun tó bá lè dín ìyà yẹn kù lẹni náà á gbé mì: ọtí, igbó, oògùn oorun, èyíkéyìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí BBC gbé fíìmù jáde nípa kodíìnì, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì wọlé. Mi ò sọ pé òfin náà burú. Àmọ́ nígbà tí ìgò yẹn di ohun ìkọ̀kọ̀ tí owó rẹ̀ sì gbéra, ara àwọn tó ti mọ́ lára kò gbọ́ èdè òfin. Nǹkan mìíràn ni wọ́n wá lọ.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọkàn wọn ló ń dùn wọ́n. Obìnrin kan sọ fún mi pé tramadol ń mú ìrora ara òun lọ, ṣùgbọ́n àyà òun kò yé já láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọkọ òun lọ́nà, oògùn amárarọlẹ̀ tó ń jẹ́ diazepam nìkan ló ń bá òun mú un rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í rí nípa ọjọ́ yẹn. Káàdì oògùn ni wọ́n ń bá a jà lé lórí.

Àwọn ọkùnrin náà wà tí wọ́n ń fi tramadol ti ọtí kí wọ́n lè pẹ́ lórí obìnrin. Ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀yin ìyàwó ló máa ń wá sọ fún mi. Òótọ́ ni pé tramadol ń mú kí àtọ̀ pẹ́ kó tó jáde. Ohun tí kò sí ẹni tó sọ fún wọn ni pé láìpẹ́ ara kò ní ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́ láìsí i, àti pé pípo ọtí mọ́ ọn ló léwu jù.

Omi gọ́tà tí wọ́n ń sọ ńkọ́?

Àdàlù ni: kodíìnì, tramadol, oògùn oorun tí wọ́n ń pè ní rẹ́fínọ̀, igbó, omi tàbí mínírà. Ọwọ́ kálukú ló yàtọ̀, kò sì sí ẹni tó ń mu ún tó mọ iye ohun tó wà nínú ife rẹ̀. Ẹni tó pò ó gan-an kò mọ̀. Níbi ayẹyẹ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́kọ́ bá a pàdé, wọ́n á ní zóbò ni.

Ṣé ènìyàn lè lo àdàlù láìmọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa. Lọ́dún 2025, BBC tú àṣírí iléeṣẹ́ kan ní Íńdíà tó ń po tapentadol, tí í ṣe opioid, mọ́ carisoprodol, oògùn tí ń dẹ iṣan, nínú hóró kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń kó o wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Kò sí orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìròyìn náà ni ìjọba Íńdíà fòfin dè é. Ẹni tó bá ra irú hóró yẹn rò pé oògùn kan lòun lò. Méjì ló gbé mì, àwọn méjèèjì ló sì ń fa mímí sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tiyín tún lágbára ju èyí lọ. Hóró tí wọ́n tà fún ọmọ níta pé oògùn oorun ni lè jẹ́ fentanyl tí wọ́n fún ní àwọ̀ àti àmì oògùn gidi.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara tí wọ́n bá pàdé?

Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń bá wa rántí láti mí. Tí ẹ bá sùn lọ fọnfọn, òun kì í sùn. Tí afẹ́fẹ́ burúkú bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń pàṣẹ pé kí àyà gbéra. Opioid ló ń mú kí etí ibẹ̀ di. Oògùn oorun àti ọtí gba ọ̀nà mìíràn wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń lọ. Ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì kan gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè dé òkè. Ẹ ju èkejì lé e lórí ní àárín ọ̀nà, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé adùn àti mímí kì í rìn pọ̀. Ara tètè ń mọ́ adùn, adùn a sì máa dín kù, lẹni náà ṣe ń fi kún un. Ṣùgbọ́n ibi tó ń darí mímí kì í tètè mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé "kò tíì mú mi" lè ti dé bèbè.

Ọdún 2008 ni òṣèré Heath Ledger kú ní New York. Àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò rí oògùn mẹ́fà: opioid méjì, oògùn amárarọlẹ̀ mẹ́ta, àti ọ̀kan tí ń múni sùn. Wọ́n ní àpapọ̀ wọn ló pa á, àti pé àṣìṣe ni. Oògùn tí dókítà máa ń kọ fúnni ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lọ́dún 2016, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ tó le jù lọ wà lára opioid àti lára àwọn oògùn amárarọlẹ̀ bíi diazepam, pé kí a má máa lò wọ́n pọ̀ láìnídìí pàtàkì.

Kokéènì àti ice, ìyẹn methamphetamine, ń tàn wọ́n jẹ lọ́nà mìíràn. Ìwọ̀nyí ń la ojú, ẹni náà a rò pé opioid kò wọ òun lára, a fi kún un. Agbára kokéènì kì í pẹ́ lọ. Tó bá ti lọ, opioid tó kù a wá ku òun nìkan pẹ̀lú mímí.

Ọtí bíà kan ṣoṣo ńkọ́?

Pẹ̀lú opioid, ẹ má mu ún. Páragà náà, ọtí ni.

Ìyá wa tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ń lo tramadol fún orúnkún. Ṣé ó kàn wá?

Ó kàn yín. Ó sì ń dùn mí pé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ gáréèjì nìkan lojú wa ń lọ sí. Màmá gba tramadol níbi kan nítorí orúnkún, wọ́n fún un ní diazepam níbòmíràn nítorí àìrí-oorun-sùn, ó tún ra oògùn ikọ́ ní kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì ń fi àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí gbé gbogbo rẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo tó wà nílé sínú àpò kan, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí apoògùn kan ṣoṣo, kó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ń lo oògùn ìdààmú ọkàn, ẹ má gbàgbé rẹ̀ nílé: àwọn kan nínú wọn kì í bá tramadol rẹ́, ara á gbóná, iṣan á máa jà, gìrì lè dé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá oorun?

Ẹ pe orúkọ rẹ̀ kíkankíkan. Ẹ di ìkúùkù, kí ẹ fi ra egungun àárín àyà rẹ̀ gidi. Ẹni tó sùn á kùn, á fẹ́ gbá ọwọ́ yín dànù. Tí kò bá mira, ẹ wo àyà rẹ̀: ṣé ó ń gbéra? Tó bá ń pẹ́ kó tó mí, tàbí tó ń han-run hòò bí ẹni tí omi há lọ́fun, ẹ má sọ pé ó ń sùn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbọ́ híhan-run yẹn láti yàrá kejì, tí wọ́n fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ wo ètè àti ìdí èékánná: lára aláwọ̀ dúdú, eérú ló máa ń dà bí. Ẹyinjú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, àmọ́ tó bá ti po nǹkan mìíràn mọ́ ọn, ẹyinjú lè má kéré, ẹ má tìtorí ìyẹn fọwọ́ lẹ́rán.

Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ wá ọkọ̀ kíá. Tí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ dí imú rẹ̀, kí ẹ máa mí sí i lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Tó bá ń mí ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun, kí ẹ má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kó gbogbo káàdì àti ìgò tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dání lọ sí ọsibítù. Ẹ sọ òótọ́ ohun tó lò fún wọn. Ẹni tó bá fi ọtí tàbí oògùn oorun pamọ́ nítorí ìtìjú ti fi ìdajì àìsàn pamọ́.

Epo pupa tàbí mílíìkì kò ní bá a já a?

Kò ní bá a já nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ ibi tó wà kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn máa lọ. Omi tútù, omi iyọ̀, gbígbá létí, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ní oògùn kan wà tó ń jí wọn.

Naloxone ni. Ó máa ń lọ lé opioid kúrò níbi tó jókòó sí nínú ọpọlọ, mímí a sì padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 2023 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i kí ènìyàn lè ra èyí tí wọ́n ń fín sí imú láìsí ìwé dókítà. Ní Bìrìtìkó, láti 2015 ni àwọn tó ń tọ́jú àwọn alóògùn ti lè fún ènìyàn láìsí ìwé dókítà. Ẹ̀yin ará wa níbẹ̀, ẹ ní in nílé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọsibítù ńlá ni ẹ ti lè bá a.

Ẹ mọ ààlà rẹ̀ o. Kò lé ọtí, kò lé oògùn oorun. Ẹni tó po wọ́n pọ̀ lè má jí tán lẹ́yìn naloxone, kí ẹ ṣáà rí i pé ó ń mí. Kì í sì í pẹ́ lára, ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni. Opioid tó kù lẹ́yìn rẹ̀ lè tún dá mímí dúró, ìdí nìyẹn tí ọsibítù fi pọn dandan, kódà tó bá dìde tó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Ṣé kí n tì í mọ́lé kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ìyà opioid tó tán lára korò, ṣùgbọ́n kì í sábà pa ẹni tó bá ń rí omi mu dáadáa. Oògùn oorun àti ọtí yàtọ̀. Ẹni tó ti ń lò wọ́n lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó wá dá wọn dúró lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún un. Lọ́jọ́ kẹta, gìrì mú un, wọ́n ní ẹ̀mí òkùnkùn ló ń jáde. Diazepam ni ara rẹ̀ ń béèrè. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín irú èyí kù, fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù.

Ewu kejì wà níwájú. Ẹni tó bá ti dúró fún oṣù kan, yálà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí níbi ìtọ́jú, ara rẹ̀ kò mọ́ iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá padà sí iye yẹn lọ́jọ́ kan péré, ó lè jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ sọ ọ́ fún un lójú, ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ń kọ́ ọ ní ìlòkulò.

Ibo la lè gbé e lọ?

Ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro wà ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, UCH wà ní Ìbàdàn. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ kan, 0800 1020 3040, tí ẹ lè pè fún ìmọ̀ràn. Ní Aro, lọ́dún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ẹbí wọn sì bá wọn wá. Èmi fúnra mi ń rí i pé ẹni tí ẹbí bá jókòó tì ló ń pẹ́ nínú ìtọ́jú.

Kí ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún un?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rá yẹn. Ẹ dúró di ìgbà tí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀, tí kò sí àlejò nílé. Ẹ bi í pé èwo ló ń lò láàárọ̀, èwo ló ń lò lálẹ́, kí ló ń ṣe é tí kò bá rí i lò. Tó bá dáhùn, ẹ má tètè fèsì.

Ìyá tó gbé ọ̀rá wá bá mi lọ bi ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó pẹ́ kó tó lanu, ó wá ní, "Mọ́mì, oorun ni mi ò rí sùn." Nígbà tí wọ́n jọ padà wá, oorun yẹn ni dókítà kọ́kọ́ bá a tún ṣe.